Ọdẹ Àgbọ̀nrín àti Okùn Ìwọ̀n

Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, bí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sí òpin, tí ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé, ni í gbé ìbọn wọ inú igbó lọ láti ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àkókò ìbọn náà. Kí olùkàwé má ṣe rò pé àgbọ̀nrín ilẹ̀ Yorùbá ni èyí. Tiwọn tóbi jù ú lọ, ìwo akọ rẹ̀ a sì máa yọ ẹ̀ka bí igi. Lọ́dọọdún ni ìwo náà ń bọ́ sílẹ̀ nígbà òtútù, tí òmíràn sì ń hù ní ìgbà ìrúwé. Ìwo yìí ni ó di ọ̀ràn.

Ní 1887, Theodore Roosevelt, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, àti George Bird Grinnell pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, dá ẹgbẹ́ ọdẹ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Boone and Crockett. Ẹran igbó ń tán lọ ní àkókò náà, nítorí àwọn tí ń pa á fún títà kò mọ ìgbà, wọn kò sì mọ ìba. Ẹgbẹ́ náà jà fún òfin tí yóò dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ní 1932 wọ́n tẹ ìwé àkọ́kọ́ tí a kọ ìwọ̀n ìwo àwọn ẹran ńlá sí. Ní 1950 wọ́n sì fi ìlànà ìwọ̀n tí a ń lò títí di òní lélẹ̀. Wọn a fi okùn ìwọ̀n wọn gígùn ìwo, ẹ̀ka rẹ̀, àti bí ó ti nípọn tó, títí dé ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì. Níbi tí apá ọ̀tún kò bá bá apá òsì dọ́gba, wọn a yọ ìyàtọ̀ náà kúrò. Ìwo tí ó hù déédéé gbọ́dọ̀ tó 170 kí ó tó wọ ìwé ńlá náà, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni yóò sì wọ igbó títí ọjọ́ ayé rẹ̀ láìfojú kan irú rẹ̀.

Kò sí ẹ̀bi nínú ìwọ̀n náà. Gbogbo ọdẹ ni ó ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, ó sì yẹ kí ó ní i. Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́fà láti bọ́ títí òtútù yóò fi kọjá a máa pa abo tí ó sanra, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹlòmíràn, tí ẹran kò wọ́n nílé rẹ̀, a jẹ́ kí akọ kékeré mẹ́wàá kọjá níwájú òun, nítorí àgbà akọ ọlọ́dún márùn-ún tí ó ti gbọ́n ni ó ń wá. Òmíràn sì wà tí kì í lò ju ọrun àti ọfà lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sàn ju èkejì, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé òun tìkára rẹ̀ ni ó jókòó tí ó pinnu kí ó tó kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí ọdẹ gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ aládùúgbò láìmọ̀. Lónìí, àwòrán ìwo ńlá a ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ẹran náà tó tutù. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ẹran tirẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò rí ti ẹlòmíràn ní ọ̀sán, ayọ̀ rẹ̀ a sì di ìtìjú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ọdẹ tí ó ti jókòó nínú òjò dídì fún ọjọ́ mẹ́jọ, tí ó ku ọjọ́ kan péré, tí ó sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti pa tiwọn, ìṣẹ́ àti ìyà yẹn ni yóò máa rò nígbà tí ìwo ńlá kan bá yọ ní ibi tí ó jìnnà ju agbára ìbọn tàbí agbára ojú rẹ̀ lọ. Yóò yìn ín. Ọta a bà á ní ikùn, ẹran a sá lọ, ilẹ̀ a sì ṣú. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè rìn jìnnà, kí ó sì jẹ̀rora fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó kú níbi tí ọdẹ kò ní rí i. Ìwé kankan kò ka irú èyí. Àwọn mìíràn a kọjá ààlà oko olóko; àwọn mìíràn a máa fi iná mọ́tò dá ẹran lójú ní òru, èyí tí òfin ibẹ̀ kà léèwọ̀. Ọdẹ Yorùbá tí ń de àtùpà mọ́ iwájú orí lè ṣe hàà sí èyí, nítorí òru ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlànà ọdẹ tirẹ̀. Ẹni tí à ń wí yìí mọ ti ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sá pamọ́ fún un.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1914, ọdọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Jordan pa akọ àgbọ̀nrín kan nítòsí Danbury ní Wisconsin. Ó gbé orí rẹ̀ fún ẹnìkan tí ń fi orí ẹran ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ọkùnrin náà kó kúrò ní ìlú, Jordan kò sì fojú kan orí náà mọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ẹnìkan ra ìwo náà ní dọ́là 3 ní ọjà àlòkù ní Minnesota. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 206 àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ju gbogbo irú rẹ̀ tí ó wà nínú ìwé lọ. Ọdún 1978 ni ẹgbẹ́ náà tó gbà pé Jordan ni ó pa á, Jordan sì ti kú ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Kò sí ẹni tí ó borí rẹ̀ títí di 1993, nígbà tí Milo Hanson pa ti 213 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ní Saskatchewan ní Kánádà. Ní ọjọ́ tí Jordan yin ìbọn rẹ̀, ó ku ọdún 18 kí ìwé àkọ́kọ́ tó jáde.

Àwọn tí ń gbèjà ìdíje ní ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ní ìfẹ́ ìwo ńlá ni ó mú kí ọdẹ kọ́ láti dá akọ kékeré sí. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ní 2002 ìpínlẹ̀ Pennsylvania tilẹ̀ fi ṣe òfin, wọ́n ka iye ẹ̀ka tí ìwo gbọ́dọ̀ ní kí àgbàlagbà ọdẹ tó lè pa á, wọ́n sì yọ̀ǹda fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ tún wo apá kejì. Abo ni ó ń bí. Níbi tí gbogbo ọdẹ bá ń dúró de ìwo nìkan, tí wọ́n sì ń fojú tín-ín-rín abo, agbo ẹran a pọ̀ ju ohun tí igbó lè bọ́ lọ, wọn a sì dà sínú oko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà.

Ohun mìíràn tún burú jù. Nítorí pé ìwo ńlá ti di ọjà, àwọn kan ń sin àgbọ̀nrín nínú ọgbà gíga, wọ́n ń yan akọ tí yóò gun abo kí ìwo lè tóbi, wọ́n sì ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́wọ́ ẹni tí yóò wá yìn ín láàrin ọgbà. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett kì í gba irú ìwo bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Àrùn kan wà tí ó ń ba ọpọlọ àgbọ̀nrín jẹ́, tí ó ń mú un rù títí yóò fi kú. Ní 1967 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Colorado, lára àgbọ̀nrín tí a sé mọ́ ọgbà, kíkó ẹran láàyè láti ọgbà dé ọgbà sì wà lára ohun tí ó ń gbé e kiri. A kò tíì rí ẹ̀rí pé ó ran ènìyàn. Síbẹ̀ ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹran tí àyẹ̀wò bá fi àrùn náà hàn lára rẹ̀.

Roosevelt kan náà lọ ṣọdẹ béárì ní Mississippi ní oṣù Kọkànlá ọdún 1902. Ọjọ́ ń lọ, Ààrẹ kò pa ohunkóhun, àwọn oníwèé ìròyìn sì ń retí. Holt Collier, ògbójú ọdẹ tí a bí sí oko ẹrú, mú béárì kan, ó dè é mọ́ igi, ó sì ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá yìn ín. Roosevelt kọ̀. Nítorí pé ẹran náà ti fara pa, ó ní kí wọ́n pa á kí ìrora rẹ̀ lè tán, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ìbọn òun kàn án. Kò sí òfin tí ó ní kí ó kọ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá tí ó pa akọ àgbọ̀nrín àkọ́kọ́, tí ìwo rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, a máa fi ayọ̀ wọ́ ọ wá sí àgọ́. Bí àgbà kan bá fi í ṣẹ̀sín níbẹ̀, ọmọ náà ti mọ ohun tí yóò máa wá láti ọjọ́ náà lọ. Ó sàn kí àgbà náà jókòó tì í, kí ó bi í léèrè bí ẹran ti jìnnà tó nígbà tí ó yìn ín, bóyá ó rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó yìnbọn, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ẹran tó kú. Lẹ́yìn náà kí ó yọ ọ̀bẹ, kí ó sì kọ́ ọ bí a ti ń kun ún.