Ọmọ Tí Ó Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Tí Kò Lè Sọ̀rọ̀

Kò sí ọdún tí a kì í pe àwa oníwèé ìròyìn sí ayẹyẹ ìparí ọdún ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tí a lọ tí a kò rí ohun kan náà. Wọn á gbé ọmọ kékeré kan dìde, aṣọ rẹ̀ á funfun, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ á dé orúnkún, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo sínú agbọ̀n. Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá á máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kì yóò dárúkọ rẹ̀, ọmọdébìnrin kan bẹ̀rẹ̀ báyìí: ó kí alága, ó kí àwọn ọlọ́lá, ó kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀, títí olùkọ́ rẹ̀ fi wá fà á lọ́wọ́ lọ jókòó. Nígbà tí ayẹyẹ parí, a fi Yorùbá bi í pé kí ni ó fẹ́ sọ níbi tí ó ti dúró. Ó ní òun kò mọ̀. Pé olùkọ́ ni ó kọ ọ́ fún òun, òun sì há a sórí.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ. A kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, a kò kọ́ ọ bí a ti í sọ̀rọ̀. Ohun méjì ni, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ayẹyẹ nìkan ni, à bá fi rẹ́rìn-ín kí a sì kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ayẹyẹ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta kò tíì pé géérégé tí Dókítà Túnjí Aláùsá, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, fi kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé Yunifásítì. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń kùnà nínú ìdánwò WAEC àti NECO ní àwọn ẹkùn tí ó gba èdè abínibí mọ́ra jù. Ní oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an, Ghana tí kò jìnnà sí wa gba ọ̀nà kejì: wọ́n ní dandan ni kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kékeré.

Àwa kò yọ̀ sí ìfagilé yìí. Orílẹ̀-èdè yìí ti dán ọ̀ràn náà wò fúnra rẹ̀, a sì rí èsì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, wọ́n sì fi lé olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú lọ́wọ́. Nígbà tí a wá fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá, tàbí Haúsá, tàbí Ìgbò, tàbí Tiv, ni ó ń pa ẹnu ọmọ mọ́.

Bí ó ti wù kí ó rí, àwọn ọmọ ti wà ní kíláàsì lónìí, wọn kò lè dúró de ìgbà tí àwọn àgbà yóò parí àríyànjiyàn. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ó bá wọlé tí ó rí i pé ohun gbogbo tí òun gbọ́ nílé kò wúlò níhìn-ín, yóò dákẹ́. Bí ó bá sì fi ọdún mẹ́fà dákẹ́, èwo ni ti ìyanu bí ó bá dàgbà tán tí kò lè dìde nínú ìpàdé láti béèrè bí wọ́n ti ná owó àdúgbò? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín mọ̀ pé òtítọ́ ni a ń wí. Ẹni márùn-ún kan náà ni í sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Àwọn ìyókù á ní àwọn fara mọ́ ọn. Ó di ìgbà tí wọ́n bá délé kí wọ́n tó máa kùn.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló rò pé ìyà ni í mú Gẹ̀ẹ́sì wọ ẹnu. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà, tí àwọn mìíràn sì ń fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ohun tí ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí òun má sọ̀rọ̀ rárá, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́ kò lè san owó ìtanràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Alhaji Abubakar Tafawa Balewa. Ilẹ̀ Bauchi ni a ti bí i ní ọdún 1912, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe èdè ilé rẹ̀. Ó lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, ó ṣe olùkọ́ ní Bauchi, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945 láti tún kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sí i. Nígbà tí ó dìde sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí Olórí Ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, gbogbo ayé ni ó tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn Wúrà ti Áfíríkà ni wọ́n ń pè é. (Kì í ṣe nítorí ìṣèlú rẹ̀ ni a ṣe dárúkọ rẹ̀, lórí èyíinì olúkúlùkù ní tirẹ̀ láti sọ.) Kò fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á dá dúró, á dún ketekete, ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá á sì gbọ́. Èyí ni ohun tí olùkọ́ lè fi kọ́ ọmọ.

Níbo ni a ti wá ṣì í? Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tí ó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ohun ńlá ni, a kò sì ní yé dúpẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ bá ti pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ègbè ni ó máa ń yá: tíṣà á wí, gbogbo kíláàsì á fọhùn pọ̀. Ègbè dára fún orin. Nínú ègbè a kò lè mọ ẹni tí ó mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń la ẹnu. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ yín kọjá lọ́la. Ẹ ó gbọ́ ègbè náà, kò tíì dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa ti ní ọ̀nà tiwa kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé. Iṣẹ́ ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ìyá á pè é, á ní, 'Lọ bá Ìyá Àlàkẹ́, kí o kí wọn, kí o ní mo ní iyọ̀ ti dé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá lónìí, kí wọ́n wá lọ́la kí oòrùn tó mú.' Ọmọ náà á lọ, á kúnlẹ̀, á kí, á jíṣẹ́, á gba èsì, á sì mú un padà wá. Kò há a sórí bí orin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó gbé dání. Bí wọ́n bá bi í ní ọ̀rọ̀ lójijì, ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò dáhùn àti èyí tí yóò ní, 'Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n wá.' Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí a rán ni, ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n tí a fi í jẹ́ ẹ. Àwọn Haúsá ní tatsuniya tí àwọn ìyá àgbà ń pa lálẹ́. Nílẹ̀ Ìgbò ẹni tí yóò súre sí obì níwájú àlejò gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ í tò. Kò sí ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà tí ó yadi.

Kí a gbé iṣẹ́ rírán wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, èyí ni ohun tí a ń béèrè. Kí olùkọ́ ìwé kẹrin pe ọmọ kan, kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì rán an sí olùkọ́ ìwé kẹta pé kí ó bá òun ka iye bẹ́ǹṣì tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ọmọ náà sì padà wá dúró níwájú gbogbo kíláàsì jẹ́ èsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan tó. Bí ọdún ti ń lọ, a lè fi ìdí ọ̀rọ̀ kún un, kí a sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í ní ìbéèrè. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ó fẹ́ sọ, nípa ọjà ìlú rẹ̀ tàbí iṣẹ́ baba rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè ilé fún ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ní igun kan, kí ó tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Kí a má kọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kí a kọ sójú pátákó, kí ó máa fi wọ́n rántí ibi tí ó ń lọ.

Àwọn olùkọ́ yóò ní ọgọ́ta ọmọ ń bẹ níwájú àwọn, ìgbà wo ni yóò kan gbogbo wọn? A ti ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ mẹ́fà bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́, ìṣẹ́jú méjì-méjì, ìṣẹ́jú méjìlá ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kan gbogbo ọgọ́ta. Àkókò tí a fi ń na àwọn tí ó pẹ́ dé láàárọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ohùn, kí olùkọ́ mọ ibi tí ìṣòro wà. Àwa Yorùbá ń fi ìró ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Igbá kì í ṣe igba, igba kì í sì í ṣe ìgbà. Ìwúwo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò: apá kan nínú ọ̀rọ̀ á wúwo, àwọn ìyókù á fúyẹ́. Kí ọmọ máa fi àtẹ́wọ́ lù ú, kí ó pa á kíkan níbi tí ó bá wúwo. Ní oṣù kan etí rẹ̀ yóò ti là sí i. A kò ní z àti v nínú èdè wa, ọmọ Haúsá sì lè fi f dípò p. Kí a tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n kí ó di ìgbà tí ó bá parí ọ̀rọ̀ tí ó ti jókòó, kí ó sì jẹ́ àṣìṣe kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ tí ó bá jẹ́ kí kíláàsì fi ọmọ rẹ́rìn-ín ti ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀ràn ojú náà wà níbẹ̀. A kọ́ ọmọ nílé pé kí ó má tẹjú mọ́ àgbà, ẹ̀kọ́ náà sì dára. Kí olùkọ́ ṣàlàyé fún un pé ẹni tí ó ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀ ń wo àwùjọ, pé kì í ṣe àfojúdi. Kí ó sì ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin dáadáa, nítorí àwọn ni a ń sọ fún lójoojúmọ́ pé kí wọ́n dákẹ́.

Gbogbo èyí kò ní fìdí múlẹ̀ bí ìdánwò kò bá bèèrè rẹ̀. Nínú ìdánwò tí a fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ kì í la ẹnu sọ̀rọ̀. Èyí tí WAEC pàápàá ń pè ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ìdáhùn ni ọmọ kàn ń mú nínú àwọn tí a kọ sílẹ̀, kò sọ ohunkóhun. A rọ àwọn ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀, láti Sókótó dé Calabar, pé kí ọmọ ìwé kẹfà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí a sì kọ máàkì rẹ̀ sínú ìwé èsì pẹ̀lú ti ìṣirò. Kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ń kọ́ olùkọ́ sì ṣe bákan náà fún àwọn tí wọ́n ń kọ́, nítorí tíṣà púpọ̀ ni ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ń bà ju ọmọ lọ.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí wọ́n bá tún pè yín sí ayẹyẹ ìparí ọdún, ẹ gbọ́ ọmọ tí wọ́n ti yàn, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tọwọ̀tọwọ̀ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ kan láti orí bẹ́ǹṣì tí ó wà lẹ́yìn pátápátá.