Ọmọ Tó Ní Bàbá Mẹ́wàá

Ẹ lọ wá "bàbá orin electronic" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá ka iye bàbá tó máa jáde. Níbi kan, wọ́n á ní Edgard Varèse ni. Níbòmíràn, Pierre Schaeffer ni. Ẹlòmíràn á ní rárá o, Karlheinz Stockhausen ni, tàbí Robert Moog tó ṣe synthesizer, tàbí Lev Termen ará Rọ́ṣíà. Ọmọ kan ṣoṣo, bàbá rẹpẹtẹ! Nínú gbogbo ẹjọ́ bàbá yìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyá ọmọ. Kò sì sẹ́ni tó ń béèrè àwọn tó pọn ọmọ náà kí àwọn bàbá tó dé.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò le rárá. Ẹ jẹ́ ká yéé pe ẹnikẹ́ni ní bàbá orin yìí. Oyè "bàbá" yẹn kì í sọ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún wa. Ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tó ní ẹni tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun ló ń jẹ oyè náà.

Kóòdù là ń kọ jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní git blame. Tí ẹ bá lò ó fún fáìlì kan, á fi orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn hàn yín. A ní kẹ́yìn o, a ò ní àkọ́kọ́. Ẹnì kan lè fi oṣù mẹ́fà kọ fáìlì náà látòkè délẹ̀, kí ẹlòmíràn wá dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó kàn tún àlàfo inú rẹ̀ tò. Orúkọ ẹni tó tún àlàfo tò ni yóò máa hàn lára àwọn ìlà yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á máa kí i kú iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ní láti padà sẹ́yìn, kó ka ìtàn fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Git blame ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka ìtàn orin ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lọ báyìí: ní Paris, ní ọdún 1948, Schaeffer, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ rédíò Faransé, gba ìró ọkọ̀ ojú irin àti oríṣiríṣi ariwo sórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó gé e, ó tún un tò, ó sì pè é ní orin. Wọ́n gbé e sórí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ó fún irú orin yẹn lórúkọ, ó pè é ní musique concrète. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1944, ọdún mẹ́rin gbáko ṣáájú, ọmọkùnrin ará Íjíbítì kan wà ní Cairo tó ń jẹ́ Halim El-Dabh. Ọmọ ọdún 23 ni. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló lọ kọ́ ní yunifásítì, kì í ṣe orin. Ó yá ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sára wáyà irin tín-ín-rín. Téèpù ò tíì délé dóko nígbà yẹn, wáyà ni wọ́n ń lò. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi zaar, ayẹyẹ ìwòsàn tí àwọn obìnrin ń ṣe níbẹ̀, tí wọ́n fi ń kọrin, tí wọ́n fi ń lùlù, kí ara aláìsàn lè balẹ̀. Ó gba ohùn wọn. Lẹ́yìn náà ló padà sí ilé rédíò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ohùn náà láàmú: ó gbé ògiri tó ṣeé tì síwá-sẹ́yìn káàkiri kí gbohùngbohùn lè yí padà, ó yọ ohùn ìsàlẹ̀ kúrò, ó fi èyí tó ń dún lókè sílẹ̀, ó tún un gbà, ó tún un gbà. Nígbà tó ṣe tán, ẹ kò lè mọ̀ mọ́ pé obìnrin ló ń kọrin. Ó gbé e fún àwọn ará ìlú gbọ́ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Cairo, lọ́dún 1944 yẹn náà.

Ó tó nǹkan bí ọdún 2000 kí díẹ̀ lára iṣẹ́ yẹn, tí kò ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ, tó jáde lórí CD. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ní gbogbo àkókò yẹn, El-Dabh kò sá pamọ́ o. Ó ti dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1950, ó ṣiṣẹ́ ní ibùdó orin ẹ̀rọ tí yunifásítì Columbia àti Princeton jọ dá sílẹ̀, ó kọ orin ijó fún Martha Graham, ó sì kọ́ni ní Kent State títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wà lójú ọjà, wọn ò kàn wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

A mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló kàn yín pẹ̀lú ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é? Schaeffer ló kọ ìwé nípa rẹ̀. Òun ló dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló kọ́ ẹlòmíràn. El-Dabh ṣe tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni, a ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tó la ọ̀nà tí ayé ń gbà yẹ lẹ́ni tí à ń yìn. Ẹ yin Schaeffer bẹ́ẹ̀ nígbà náà: ẹ ní ó la ọ̀nà. Ẹ má sọ pé kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ gba inú igbó yẹn kọjá. Kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè kan: kí ló dé tí ẹnì kan fi rí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba tó dúró tì í, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ẹnì kejì ń yá? Ọgbọ́n ẹni méjèèjì ò jìnnà síra. Ohun tó wà lẹ́yìn wọn ni kò dọ́gba.

Ní báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ sáré lọ tẹ̀ ẹ́ síta pé "Áfíríkà ló dá orin electronic sílẹ̀," ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Irọ́ nìyẹn náà. Àwa pàápàá ti fẹ́ tẹ irú rẹ̀ síta rí, inú wa dùn débi pé a ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún 1897 ni Thaddeus Cahill ti gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ orin oníná tó pè ní Telharmonium. Èyí tó gbé dé New York ní 1906 wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 200, wáyà tẹlifóònù ló sì fi ń gbé orin lọ sí òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin ránṣẹ́ síni nílé, ẹ ò rí nǹkan! Ní nǹkan bí 1920, Termen ti ṣe ẹ̀rọ tí èèyàn ń fọwọ́ lù láìfọwọ́ kàn án, èyí tí a mọ̀ sí theremin. Ní 1939, John Cage ti ń yí ìyára rẹ́kọ́ọ̀dù padà ní Seattle, tó sì ń pè é ní orin. Tí a bá ń lé ẹni àkọ́kọ́ kiri, a ò ní dé ibì kankan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tí a bá wá yọ bàbá tiwọn kúrò ká lè gbé bàbá tiwa síbẹ̀, kí la ṣe? Orúkọ orí àga la pààrọ̀, àga irọ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá béèrè àwọn ìyá.

Termen ṣe theremin lóòótọ́, ṣùgbọ́n Clara Rockmore, ọmọbìnrin tó ti ń ta fáólìn láti kékeré, ló sọ ọ́ di ohun èlò tó ṣeé gbé síwájú àwọn olórin ńlá. Òun ló ní kó fi kún ìwọ̀n ohùn tó lè gbé jáde, kó jẹ́ kí ọwọ́ tó ń darí ariwo yá sí i, kó dín gíga rẹ̀ kù kí àwọn èèyàn lè rí ẹni tó ń lò ó. Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lo ohun tí o ṣe, tó padà wá sọ ibi tó kù sí, òun àti ìwọ lẹ jọ ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Daphne Oram wà lára àwọn tó dá ibùdó ìró ẹ̀rọ BBC, Radiophonic Workshop, sílẹ̀ ní 1958. Kò pé ọdún kan tó fi kúrò, ó lọ ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀, Oramics. Ó ń yàwòrán sára fíìmù, ẹ̀rọ á sì sọ àwòrán náà di ohùn.

Delia Derbyshire ńkọ́? Ó ka ìṣirò àti orin ní Cambridge. Nígbà tó wáṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ Decca ní 1959, wọ́n ní àwọn kì í gba obìnrin síbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ó bá BBC lọ. Ní 1963, Ron Grainer kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré Doctor Who sórí ìwé, wọ́n sì gbé ìwé náà fún Derbyshire. Kò sí synthesizer, kò sí kọ̀ǹpútà. Òun àti Dick Mills tó ń ràn án lọ́wọ́ ṣe ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n gba á sórí téèpù, wọ́n fi abẹ gé téèpù náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, títí ó fi di orin. Ẹnu ya Grainer nígbà tó gbọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí obìnrin náà jọ ní orin náà pẹ̀lú òun. Ìlànà BBC kò gbà á láyè. Orúkọ ibùdó ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ orúkọ èèyàn. Ọdún 2013 ni orúkọ Derbyshire tó hàn lára eré náà fún orin yẹn, nígbà tí eré náà pé àádọ́ta ọdún. Obìnrin náà ti kú láti 2001.

Kí a má baà rò pé ti téèpù àti wáyà nìkan ni, inú iṣẹ́ tiwa gan-an náà ńkọ́? Wọ́n kọ́ wa pé Max Mathews ló kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, ní Bell Labs, lórí IBM 704, ní 1957. Iṣẹ́ rẹ̀ tóbi, a kì í jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ní 1951, Geoff Hill ti mú kí kọ̀ǹpútà CSIRAC kọrin ní Sydney, ní Ọsirélíà. Lọ́dún yẹn kan náà, kọ̀ǹpútà kan ní Manchester kọrin pẹ̀lú, BBC sì gba ti Manchester sílẹ̀. Kò sí ohùn tó ṣẹ́kù láti Sydney. Nítorí náà, ti Manchester ni ayé ń gbọ́. Ẹ̀rọ méjì, orin méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ní ẹlẹ́rìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù nìyí, torí ó kan akọni wa náà. A pariwo orúkọ El-Dabh. Àwọn obìnrin inú zaar yẹn ńkọ́? Ayẹyẹ tiwọn ni. Ohùn tiwọn ni. El-Dabh fúnra rẹ̀ máa ń sọ bí òun ṣe bo orí kí òun tó ríbi wọlé sáàárín wọn. Lára orin tí à ń gbé kiri pé ó ṣáájú ti Paris, kò sí orúkọ obìnrin kan ṣoṣo nínú wọn. Ohun tí Paris ṣe fún El-Dabh, òun náà ti kọ́kọ́ ṣe é fún wọn. A kò sọ èyí láti bà á lórúkọ jẹ́. A sọ ọ́ torí pé ẹni tó bá ń gbèjà ẹni tí wọ́n gbàgbé gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ẹ̀yìn wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bíìtì lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí fódà tí ẹ kó ìró ìlù sí. Ẹ ó rí fáìlì kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ "talking drum 03". Ta ló lù ú? Gángan ni àbí ìyáàlù? Ìlú wo ni wọ́n ti lù ú, kí ló sì ń sọ? Ìlù yìí kan náà ló ń pe oríkì ọba, tó ń pe orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó ń jáde lóde ìnáwó. Ẹni tó ń pe orúkọ gbogbo ayé, wọ́n gba ohùn rẹ̀, wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ Àyàn tí ìdílé rẹ̀ ti ń lùlù fún ìran mélòó kan. Ohun tó jẹ́ lójú fáìlì ni 03.

Àwa tí à ń kọ ètò tó ń to irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ò lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́. Tí a bá ń ṣe fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún kí wọ́n tó gbé orin sókè, a máa ń bi wọ́n léèrè ìyára orin, kíì orin, irú orin. Mélòó nínú wa ló fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tó lùlù? Àyè kan péré ni. Kò ní gbà wá ní ọ̀sán kan.

Nítorí náà, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Tí ẹ bá gba ohùn ẹnì kan, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sára fáìlì. Tí ẹ bá ń ta ìró ìlù, ẹ kọ orúkọ onílù síwájú orúkọ ilé iṣẹ́ yín. Tí ẹ bá sì fẹ́ sọ ìtàn orin ẹ̀rọ fún àbúrò yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá kankan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá kan ní Cairo, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kọrin fún aláìsàn, tí wáyà kan ń yí.