Ẹkún Kì Í Ṣe Àìgbàgbọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo ti lo ìsinmi tí ó kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí n kò bá sọ ọ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, n kò mọ ibi tí n óò ti sọ ọ́, nítorí bí mo bá sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn óò gbàdúrà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Igbó. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí ó máa ń bá a ra iṣu gbígbẹ kiri abúlé, kú sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọ̀nà náà mọ iye ilé tí ó ti sọ di ilé ọ̀fọ̀. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà fún ìyá yìí, ó figbe ta, ó gbé ara lulẹ̀, bí ìyá ọmọ ti í ṣe. Kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn àgbà ìjọ fi wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn gbá a léjìká mú, ó ní, "Ìyá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹkún yín yìí ń ba ẹ̀rí yín jẹ́. Onígbàgbọ́ kì í sunkún báyìí. Ẹ sọ pé ó dára." Ìyá náà wò ó títí, ó fi etí gèlè nu ojú, ó sì sọ pé ó dára. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sunkún lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá kí i ní ọjọ́ Ìsinmi, a ní, "A dúpẹ́, Olúwa ń ṣe é." Gbogbo ìjọ sì ń yìn ín pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n èmi tí mo sùn sí iyàrá tí ó kángun sí tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní agogo méjì òru, nígbà tí ó bá fi aṣọ dí ẹnu kí àwa ọmọdé má baà gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un kò mọ ohun tí à ń pè ní ìgbàgbọ́, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ nínú ìjọ ju bí a ti bí mi lọ. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa àgbàlagbà. N kò sí lára àwọn tí ń sọ nínú ọgbà wa níhìn-ín pé ìsìn jẹ́ ọtí tí a fi ń mú tálákà sùn. Akọrin ni mí, mo sì mọ ohun tí mo ń kọ. Ìgbàgbọ́ ni mo ń gbèjà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ń di ẹnu ẹlẹ́kún.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀ràn ìlú kékeré ni. Ẹ lọ sí ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ ní yunifásítì èyíkéyìí ní ilẹ̀ wa. Bí ibà bá mú ọ tí ara rẹ ń gbóná bí ààrò, wọ́n ní kí o má wí pé ó ń ṣe ọ́, kí o wí pé o kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá dá bàbá rẹ dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní má sọ ọ́ síta, kí ọ̀tá má gbọ́. Bí àkókò ẹ̀rí bá sì tó, ẹni tí ìṣòro rẹ̀ ti tán nìkan ni wọ́n ń pè síwájú. Ẹni tí tirẹ̀ kò tí ì tán, ibo ni kí ó dúró sí?

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́. Inú ìwé àwọn oníwàásù Amẹ́ríkà bí Kenneth Hagin ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, àwọn ìwé tí ó tàn kálẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Wọ́n ní ohun tí onígbàgbọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni yóò rí. Ó yá gbogbo wa lára láti gbà á, nítorí pé àwa Yorùbá ti mọ àfọ̀ṣẹ tipẹ́, a sì mọ ọfọ̀. Ẹ̀rín ni ó ń pa mí pé àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ babaláwo sétí ni wọ́n ń fi ẹnu lé ikú bí ẹni ń pọfọ̀, tí wọ́n sì ń pe èyíinì ní àdúrà. Ẹni tí ń gbàdúrà ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ kò sì lè ṣàìsọ ohun tí ó ń dùn ún.

Àwọn àgbà Aládùúrà pàápàá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn gbòde ní 1918, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, láti ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ tí ó ṣíwájú ìjọ Aládùúrà púpọ̀ ti ṣẹ̀. A lè bá wọn jiyàn lórí ọ̀ràn oògùn. Àwọn àti àwọn òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélì tilẹ̀ jà lórí oògùn ibà ní àwọn ọdún 1930 títí wọ́n fi pínyà. Ṣùgbọ́n wọn kò wí pé kò sí àrùn. Nítorí pé àrùn wà ni wọ́n ṣe kúnlẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, orúkọ Bowen wà lára ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀, èyí tí ó di ti Yunifásítì Bowen. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi mọ̀ pé Thomas Jefferson Bowen gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1850, pé ó sì mú iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Àwa tí a ń kọ́ èdè mọ̀ ọ́n fún ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ tí Smithsonian Institution tẹ̀ ní 1858. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù ni bí ó ti parí. Àìsàn lé e kúrò nílẹ̀ wa ní 1856. Ó tún gbìyànjú ní Bràsílì, àìsàn tún lé e kúrò níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dàrú, ó ń san díẹ̀, ó ń padà, títí ó fi kú ní 1875 sínú ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ta ni yóò dìde nínú ìjọ tí ó gbìn láti sọ pé ìgbàgbọ́ Bowen kéré? Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ nípa Bowen, kí ó má sọ ọ́ nípa ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní Ọjà Igbó.

Àjàyí Crowther ńkọ́? Òṣogùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1837, nígbà tí ó ti di onígbàgbọ́ tí ó sì ń ṣe olùkọ́ ní Sàró, ó kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ìjọ CMS láti ròyìn bí ó ti rí. Nínú lẹ́tà náà ni ó ti sọ, láìfi bò, pé nígbà tí òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta òun fún àwọn Agudà, òun gbìyànjú ní òru bíi mélòó kan láti fi ọ̀já ara òun fún ara òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. Ó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Olúwa fún un, kò sì pa á rẹ́ kúrò nínú ìtàn ìgbàlà rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àkókò ẹ̀rí tiwa. Wọn ì bá ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹni náà ni ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ni ó sì ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí a ń kà.

Inú Bíbélì kan náà ni ìwé kan wà tí ó ń jẹ́ Ẹkún Jeremáyà. Odindi ìwé ni wọ́n fi ẹkún sọ lórúkọ, kò sì sí alàgbà tí ó tíì dábàá pé kí a yọ ọ́. Orin Dáfídì kejìdínláàádọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, ó sì parí sínú òkùnkùn. Kò sí ìdúpẹ́ kankan nígbẹ̀yìn rẹ̀. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù nígbà tí ó mọ̀ dájú pé òun fẹ́ jí i dìde.

Àwọn alátakò mi a máa fi Pọ́ọ̀lù na mí. Wọ́n ní ó ti kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má ṣe banújẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ gírámà, ẹ bá mi wo gbólóhùn náà. Kí wọ́n má banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí ni ó wí. Àwọn wọ̀nyí gé gbólóhùn ní ìlàjì, wọ́n sì fi ìlàjì náà lu opó lórí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, òdo ni olùkọ́ wa yóò fún un.

Ìwà Yorùbá kọ́ ni èyí náà. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó a máa sun ẹkún ní ọjọ́ tí ó ń lọ sílé ọkọ, ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀, ìlú a sì pé láti gbọ́ ọ. Àwọn ọdẹ ń fi ìrèmọ̀jé dárò ọdẹ ẹgbẹ́ wọn. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ènìyàn, "Ẹ kú ìrọ́jú" ni a ń kí i; ìrọ́jú tí ó ń rọ́ gan-an ni a ń kí. Àwa tí a ń kí ẹni tí ń gbálẹ̀, tí a ń kí ẹni tí ń jókòó, ṣe àwa ni a óò wá sọ fún ìyá olókùú ọmọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a ń lò gan-an. A ní onígbàgbọ́ gbára lé Ọlọ́run. Ara ni ó gbé lé e, odindi ara, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ẹni tí ń rọra fi ìka kan kan ògiri, tí ó dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí aráyé lè sọ pé ó le, èwo ni ó gbára lé níbẹ̀? Ẹkún òru tí ìyá yìí ń sun sí Ọlọ́run rẹ̀, ìyẹn ni mo pè ní ìgbàgbọ́. "Ó dára" tí ó ń wí ní ọ̀sán, àwọn àgbà ìjọ ni ó ń wí i fún.

Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo yà kí i ní ìsọ̀ rẹ̀. N kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Mo kàn ní, "Màmá, irú ọmọ wo ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n wà ní kékeré?" Ó dá agbọ̀n èlùbọ́ dúró lọ́wọ́. Ó sọ bí ó ti máa ń jí iṣu jẹ lórí àtẹ, bí ó ti fi eyín kan kán nígbà tí ó ṣubú lórí igi máńgòrò, ó ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ẹkún gbà á lẹ́nu, ẹkún gidi, láàárín ọjà, ní ọ̀sán gangan. Ìyá onímùsùlùmí kan tí ń ta ata ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dìde, ó wá jókòó tì í lórí pákó, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí oníbàárà méjì fi wá, tí wọ́n dúró díẹ̀, tí wọ́n sì lọ.

Nígbà tí ó yá, ó bọ́jú, ó wọn èlùbọ́ tí n óò gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì bu ènì lé e. Ó ní, "Àkànní, má jẹ́ kí ó bu o. Máa sá a sóòrùn."