Ìkọ́ṣẹ́ Ọdún Kan Kì í Ṣe Ìránṣẹ́ Ọdún Kan

Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀. Ní 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó kà nínú ìwé. Ti ọmọ Poli tilẹ̀ gùn jù: bí ó bá gba ìwé ẹ̀rí ND, odidi ọdún kan ni yóò lò níbi iṣẹ́ kí ó tó padà wá ka HND. Ètò yìí dára. Bí a ṣe ń lò ó ni kò dára.

Mo mọ ọmọ IT kan tí ó kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, tí ó ń wọkọ̀ láti Agbowó lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan ní Dùgbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀gá ni ó ń rà, fótókọ́pì ni ó ń ṣe.

Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Irọ́ ni! Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì náà ń gbálẹ̀, ó sì ń jíṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ ìgbòmìnira ń bọ̀, tí òbí yóò béèrè ohun tí ọmọ wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ni ń bi ilé-iṣẹ́ ńlá léèrè? Ẹni tí ó bá gba ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún kan, kí ó kọ́ ọ níṣẹ́, tàbí kí ó san owó ọmọ ọ̀dọ̀ fún un.