Fídíò ò gbọdọ̀ sọ pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé nǹkan sórí ẹ̀rọ yín mọ́

Ẹ jẹ́ ká ṣojú abẹ níkòó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo fídíò lónìí, tí ìkànnì kan wá ní player yín ti gbó, pé kẹ́ ẹ tẹ ibì kan láti gba tuntun, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kí ló dé?

Nígbà kan, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà ní kafé ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn á rántí: fídíò kan ń béèrè RealPlayer, òmíràn QuickTime, òmíràn Windows Media Player. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows lè má ṣiṣẹ́ lórí Linux. Kẹ́ ẹ tó dáúnlóòdù tán, owó wákàtí kan ti lọ.

Flash ló wá borí wọn, òun náà ni YouTube fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Àmọ́ dandan ni kéèyàn gbé Flash náà sórí ẹ̀rọ, ihò tí olè orí ayélujára ń gbà wọlé sì pọ̀ lára rẹ̀. Ní Oṣù Kẹrin, ọdún 2010, Steve Jobs ti Apple kọ lẹ́tà síta láti ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi gbà á láyè lórí iPhone. Lọ́dún 2014, àjọ W3C fòǹtẹ̀ lu HTML5, ìlànà tó jẹ́ kí Chrome, Firefox àti Safari lè ṣí fídíò fúnra wọn. YouTube tẹ̀ lé e lọ́dún 2015. Nígbà tó di ìparí ọdún 2020, Adobe tó ni Flash pa á tì pátápátá.

Nítorí náà, òkú ni ẹni tó bá ń pín Flash lónìí ń pín. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé a ò tíì gbàgbé àṣà àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kó fáírọ́ọ̀sì wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.

Ṣé wàhálà ti wá tán? Ó kù díẹ̀. H.264, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ jù lọ, ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí Google, Mozilla, Netflix àti àwọn míì para pọ̀ lọ́dún 2015, tí wọ́n sì gbé AV1 jáde lọ́dún 2018. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í jẹ dátà tó H.264. Ṣùgbọ́n fóònù tí wọn ò ṣe fún AV1 láti ilé iṣẹ́ á máa fi agbára ṣe é: bátìrì á tètè lọ, fídíò sì lè máa há. Ẹrù tó kúrò lórí sọ́fítíwíà ti fẹ́ bọ́ sórí ẹni tí kò lówó fóònù tuntun. Ìkànnì tó bá ro tiwa mọ́ tiẹ̀ á gbé méjèèjì sílẹ̀, kí fóònù kálukú mú èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Tó bá jẹ́ fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ni kò ṣí, ẹ lo VLC. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac, Linux, Android àti iPhone. Ìkànnì VideoLAN tó ṣe é, tàbí ibi tẹ́ ẹ ti ń gba áàpù lórí fóònù yín, ni kẹ́ ẹ ti gbà á, kì í ṣe látinú líǹkì tẹ́nì kan kàn fi ránṣẹ́.