Wáìnì pupa Douro ń gba oyè, àmọ́ ta ló ń jẹ èrè rẹ̀?

Ní 2023, àjọ tó ń mójú tó wáìnì ní àfonífojì Douro, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn àgbẹ̀ fi omi àjàrà tó kún àgbá 104,000 ṣe port, ìyẹn wáìnì dídùn tí àgbègbè náà fi lókìkí. Ní 2024, ó di 90,000. Ní 2025, ó já wá sí 75,000. Lítà 550 ni àgbá kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ọjà port ti ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ṣe gé e.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé wáìnì pupa tí kò dùn láti àfonífojì kan náà wà lára àwọn tí ayé ń pọ́n lé jù. Báwo ni ilẹ̀ kan ṣe lè máa gba oyè, kí àgbẹ̀ rẹ̀ sì máa sunkún? Ẹ jẹ́ ká fi oko kan ṣàlàyé rẹ̀: Quinta do Vale Meão.

Oko Dona Antónia

Dona Antónia Adelaide Ferreira, opó tó di ìlúmọ̀ọ́ká nínú òwò port, ló ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Vila Nova de Foz Côa ní 1877. Nǹkan bíi 300 hẹ́kítà ni, lápá ìlà-oòrùn Douro, níbi tí oòrùn ti ń mú janjan. Ó sọ igbó náà di ọgbà àjàrà kó tó kú ní 1896.

Kí ló mú kí port yàtọ̀ sí wáìnì tí kò dùn? Ẹ wo ẹmu. Ẹmu àárọ̀ máa ń dùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti le, torí pé ìwúkàrà ti sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi àjàrà. Ẹni tó ń ṣe port kì í jẹ́ kó dé ìrọ̀lẹ́: á da ọtí líle tí wọ́n sè láti ara àjàrà sí i, ìbátan ògógóró, kí ìwúkàrà lè kú, kí adùn sì ṣẹ́kù. Ẹni tó ń ṣe wáìnì tí kò dùn á jẹ́ kí ṣúgà di ọtí tán.

Èyí kò rọrùn nínú ooru Douro, torí pé bí omi àjàrà bá gbóná jù, ó lè bàjẹ́. Ní 1952, Fernando Nicolau de Almeida ti ilé-iṣẹ́ Ferreira ní kí wọ́n kó yìnyín wá láti Matosinhos, létí òkun, láti fi mú un tutù. Àjàrà Vale Meão ló lò jù. Wáìnì náà ni Barca Velha, tó wà lára àwọn tó lórúkọ jù ní Pọ́túgà títí dòní.

Àmọ́ orúkọ oko náà kọ́ ló wà lára ìgò. Francisco Javier de Olazabal, àrọ́mọdọ́mọ Dona Antónia, ra ìpín àwọn ẹbí yòókù nínú oko náà, ó fi ipò olórí Ferreira sílẹ̀ ní 1998, ó sì fi èso 1999 bẹ̀rẹ̀ wáìnì tirẹ̀. Ní 2014, ìwé ìròyìn Wine Spectator fi Quinta do Vale Meão 2011 sípò kẹrin nínú 100 wáìnì tó yàn lọ́dún náà.

Ẹni tí kò ní ìgò

Àwọn tó ni oko ńlá, ilé tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì àti orúkọ ló lè gbá wáìnì tí kò dùn mú nígbà tí port ń rẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Douro kò ní ju ilẹ̀ kékeré lọ. Èso ni wọ́n ń tà. Wọ́n fi lẹ́tà to ilẹ̀ wọn sí ìpele, ìpele yìí ló sì ń sọ ìwọ̀n tí wọ́n lè fi ṣe port. Èso tí a gbà fún port ń mówó gidi wá. Èyí tó kù, láti ara igi kan náà, ni wọ́n ń tà fún wáìnì tí kò dùn, ní iye tí àwọn àgbẹ̀ ní kò tó owó iṣẹ́.

Owó port ló ti ń dí ihò yẹn. Bí wọ́n ṣe ń gé port kù, ihò náà ń hàn.

Àwọn àgbẹ̀ ti fẹ̀hónú hàn. Wọ́n fẹ́ kí ọtí líle tí wọ́n ń dà sí port jẹ́ ti àjàrà Douro, torí pé ìta ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Àwọn tó ta kò wọ́n ní port á túbọ̀ wọ́n. Lójú tiwa, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń béèrè lè fún wọn láyè mí díẹ̀, àmọ́ kò lè tán ìṣòro náà àyàfi tí owó èso wáìnì tí kò dùn bá tó owó iṣẹ́.

Ó kàn wá níbi tí a ń gbé

Láti oṣù Kejì 2025, bí wáìnì bá ṣe le tó ni owó-orí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó ní Britain. Fún ìgò tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 14.5 nínú 100, owó-orí náà kúrò ní £2.67, ó di £3.21 nígbà náà. Ibi tí oòrùn ti ń mú, bíi Douro, ni irú wáìnì líle bẹ́ẹ̀ ti sábà ń wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Amẹ́ríkà gbé owó-orí ìdá 15 nínú 100 lé wáìnì ilẹ̀ Yúróòpù. Bí oníbàárà kò bá fẹ́ san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni wọ́n ti máa ń yọ ìyàtọ̀ náà.

Ní 2001, UNESCO fi Alto Douro sínú àkójọ ogún àgbáyé, nítorí àwọn òkè tí àgbẹ̀ ti fi ògiri òkúta tẹ́ bí àtẹ̀gùn. Bí àwọn ọmọ àgbẹ̀ bá fi ilẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò máa tún ògiri wọ̀nyẹn mọ? Àwa tí òbí wa ṣí kúrò nílé mọ̀ pé kì í ṣe ìkórìíra ilé ló ń lé ọ̀dọ́ lọ. Bí iṣẹ́ kò bá bọ́ ẹni tó ń ṣe é, ẹsẹ̀ á gbọ̀nà.

Kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń kéde iye àgbá port. Iye yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Òun ló máa sọ bí nǹkan ṣe rí fún àgbẹ̀ Douro. Oyè ara ìgò kò lè sọ ọ́.