Eyín Ni Kí Ẹ Kà, Ẹ Má Ka Búrọ́ọ̀ṣì

Bí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò bá para pọ̀ ṣètò ìtọ́jú eyín fáwọn arúgbó, iye búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n pín la fi ń yìn wọ́n. Ìyẹn nìkan ò tó o.

Àwọn ará Japan mọ bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n irú iṣẹ́ yìí. Ní 1989, ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín wọn ní àwọn fẹ́ kí ẹni ọdún 80 ṣì ní eyín 20 lẹ́nu. Nígbà náà, àwọn tó ní in kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí ní 2016, wọ́n ti lé ní ìdajì.

Ẹ̀yin náà, ẹ bi ẹgbẹ́ yín léèrè: Màmá tí erìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti dá? Bàbá tí eyín wọn ń mì, ta ló mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà? Àwọn tí kò lè rìn wá ńkọ́? Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣé ẹ padà yẹ ẹnu wọn wò? Àgbà tí kò lè jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́ mọ́, rírù ni yóò máa rù.